Ọ̀nà Gígùn tí Ẹ̀kọ́ Ìṣirò Owó Gbà dé Ìbàdàn

Bí ẹ bá dúró ní ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn ní òwúrọ̀, tí ẹ kọjú sí Agbowó, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí ń sọdá títì pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀kan yóò ní òfin ni, èkejì yóò ní ìṣègùn ni, ẹ̀kẹta yóò sì ní ìṣirò owó ni. Ti ẹ̀kẹta yìí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe pé ní ọdún 1955 ni ẹ béèrè, ẹ kì bá tí rí ẹyọ ẹnì kan nínú ọgbà náà tí yóò dá yín lóhùn bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Yunifásítì ní ilẹ̀ wa, nínú ìlú tí owó kòkó ń gbà kọjá bí omi, kò kọ́ ọmọ kankan gba oyè lórí bí a ti ń kọ owó sílẹ̀. Bí ọ̀ràn náà ti rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó ná wa, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́ wa ní owó kíkà. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ó jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì kún ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000. Àwọn ìyá wa tí ń ṣòwò a máa tú ọjà fún oníbàárà mẹ́wàá ní àwìn, wọn a sì máa rántí ohun tí olúkúlùkù jẹ, ọjọ́ tí ó mú un, àti iye tí ó ti san. Alájọ a máa fi èédú fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún ọjọ́ kan. Àbùkù ọgbọ́n yìí kò ju ẹyọ kan lọ: orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìwé náà wà. Bí ìyá bá sùn tí kò jí, gbèsè tí ó wà níta bá a lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní ohun tí wọn yóò fi han onígbèsè.

Ibi tí ìwé owó ti òyìnbó fi ju ti wa lọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó mọ owó kà jù wá lọ, bí kò ṣe pé ẹlòmíràn lè ṣí i kí ó sì kà á. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n gbọ́n ọgbọ́n náà, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Luca Pacioli sì kọ ọ́ sínú ìwé tí a tẹ̀ ní Venice ní ọdún 1494. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń kọ owó kọ̀ọ̀kan: ibi tí ó ti kúrò, àti ibi tí ó lọ. Bí mo bá fi pọ́n-ùn márùn-ún ra iyọ̀, mo kọ ọ́ pé pọ́n-ùn márùn-ún kúrò nínú àpótí owó, mo tún kọ ọ́ pé iyọ̀ pọ́n-ùn márùn-ún wọ inú ilé ọjà. Bí oṣù bá parí, tí a ro ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ tí wọn kò dọ́gba, àṣìṣe kan wà níbì kan, a ó sì máa wá a títí a ó fi rí i. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ bí kọ́bọ̀ mẹ́ta tí ó sọnù ti lè gba oorun lójú ènìyàn.

Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ibùdó rẹ̀ sì fa àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó àti àwọn báńkì sí Dùgbẹ̀. Níbẹ̀ ni ìwé owó ti di iṣẹ́ oṣù fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tí ó bá ka ìwé mẹ́fà, tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára, a jókòó ti ìwé ńlá kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a máa kọ iye kòkó tí ó wọlé àti iye aṣọ tí ó jáde. Ó mọ ìwé náà bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí, tí ó di kí a fi ọwọ́ sí i pé òtítọ́ ni ohun tí a kọ, òyìnbó ni a ń wá. Akọ̀wé wa mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àṣẹ.

Owó tí a ń kọ náà kò kéré. Nígbà tí Mákẹ́ẹ̀tìn Bọ́ọ̀dù ti Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, òun ni ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa nípasẹ̀ àwọn aṣojú rẹ̀, tí ó sì ń pa èrè rẹ̀ mọ́. Owó kòkó àti irè oko mìíràn ni a fi kọ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí ó parí ní 1965. Ní 1958 ni a dá àjọ ilé kíkọ́ ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀, èyí tí ó la Bódìjà sílẹ̀ tí ó sì kọ́ ilé síbẹ̀. Ẹ rò ó wò: gbogbo ẹni tí ó gba ilé tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní láti ní ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà san owó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnikẹ́ni má sì baà jókòó sílé láìsan.

Nínú ìlú yìí ni a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní 1948. Ẹlẹ́yẹlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú àwọn ilé tí àwọn ọmọ ogun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun, kí ó tó kó lọ sí ibi tí ó wà lónìí. Ẹ̀kọ́ àtayébáyé, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣègùn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ wa lè ka èdè Látìn àti ti àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ níbẹ̀ títí yóò fi gba oyè. Èmi kò gan Látìn o. Àwọn tí wọ́n kà á ṣe ilẹ̀ yìí lóore. Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé Yaba Higher College, tí a kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, ti kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́ òwò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹrù dé Ìbàdàn, a kò bá ẹ̀kọ́ òwò nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ìkórìíra ni ó fà á. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni Ìbàdàn ń tẹ̀lé, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì ń fúnni títí di 1962 tí ó fi di Yunifásítì tí ó dá dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ka ìṣirò owó sí, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọmọ á lọ tọ ọ̀gá, bàbá rẹ̀ á san owó fún ọ̀gá náà, ọmọ á sì sìn ín fún ọdún bíi márùn-ún, á sì máa ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ wọn. Lóòótọ́, Yunifásítì Birmingham yan Lawrence Dicksee ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ní 1902, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe é. Ó di 1947 kí London School of Economics tó yan William Baxter, ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìyá kò bá tíì jẹ oúnjẹ kan, níbo ni ọmọ yóò ti rí i jẹ? Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá: ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Yunifásítì kò kọ́ rí ọ̀gá tí yóò sìn ní àdúgbò rẹ̀. Ta ni ọmọ Ìbàdàn yóò sìn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin kan. A bí Akintola Williams ní Èkó ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1919. Yaba tí mo sọ yìí ni ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ òwò, ilé-iṣẹ́ U.A.C. ni ó sì ràn án lọ́wọ́. Ní 1944 ó wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba oyè B.Com. ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, ó tún sìn, ó sì ṣe ìdánwò títí ó fi di chartered accountant ní 1949, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé ibẹ̀. Ó padà wálé ní 1950, ó ṣiṣẹ́ owó orí díẹ̀, ó sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1952. Láti ìgbà náà ni ọmọ wa ti lè rí ọmọ wa sìn. Ọlọ́run sì fún un ní ẹ̀mí gígùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún ni nígbà tí ó kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í ṣe ìlú. Àwọn akọ̀wé Dùgbẹ̀ tí wọn kò rí ọkọ̀ òkun wọ̀ ń ra ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń tan fìtílà, wọ́n sì ń ka òfin ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti owó orí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọn kò ní fi ṣe ohunkóhun ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ìdánwò kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ní ti tèmi, àwọn wọ̀nyí ni mo ka sí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, bí kò tilẹ̀ sí Yunifásítì tí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọdún 1962 ni a rí ohun tí àìtó àwọn onímọ̀ yìí ń ná ni. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ G.B.A. Coker láti yẹ ìwé àwọn àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, Mákẹ́ẹ̀tìn Bọ́ọ̀dù sì wà lára wọn. Akintola Williams kan náà jókòó lórí ìgbìmọ̀ yìí. Òṣèlú tí ó wà nínú ọ̀ràn náà, àwọn mìíràn ti sọ ọ́, wọn yóò sì tún sọ ọ́. N kò ní bá wọn dá sí i. Ohun tí ó dùn mí ni ti àgbẹ̀ tí ó ni kòkó. Odidi Ìwọ̀-Oòrùn ń jiyàn lórí owó tí a yá, owó tí a san, àti owó tí a fi ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń jiyàn ni ó lè ṣí ìwé owó kan kí ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀? Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí gba ohun tí ẹgbẹ́ yìí wí, ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ gba ti èkejì. Ìwé tí a dá sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á tún padà di ohun tí ó wà lórí ènìyàn díẹ̀.

Ìyípadà ti ń bọ̀ nígbà náà. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ó wo ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ wa, mú àbọ̀ wá ní 1960, ó sì ní kí Yunifásítì kan wà ní Èkó tí yóò kọ́ni ní ẹ̀kọ́ òwò ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́. Nsukka ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹ̀kọ́ òwò sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkó tẹ̀ lé e ní 1962. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ashby kò pín Yunifásítì fún nítorí pé Ìbàdàn wà níbẹ̀, dá ti Ifẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Lẹ́bàá Sángo ni, ní oṣù kẹwàá 1962, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 244. Ó wà níbẹ̀ títí di 1967 kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀ka ìṣàkóso iṣẹ́ àti ìṣirò owó rẹ̀ ti wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1965 ni òfin dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ti Nàìjíríà, I.C.A.N., sílẹ̀, Akintola Williams sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, owó orí tiwa àti òfin tiwa ni ọmọ wa ń kà.

Ìbàdàn ńkọ́? Nínú ọgbà tí Ifẹ̀ fi sílẹ̀ ni Pólì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1970, wá fìdí kalẹ̀ sí, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìṣirò owó nígbà tí Yunifásítì tí kò jìnnà sí i kò tíì ṣe é. Àwọn ilé-iṣẹ́ Challenge àti Ring Road mọ iṣẹ́ àwọn ọmọ Pólì dáadáa. Síbẹ̀ ìjọba ń fi wọ́n sí ẹ̀yìn ọmọ Yunifásítì nínú ìgbéga, ọ̀ràn tí n kò rí ìdí rẹ̀ títí di òní, nítorí ìwé owó kì í béèrè ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ọ́. Yunifásítì Ìbàdàn fúnra rẹ̀ dúró pẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé nìkan. Láìpẹ́ yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní ẹ̀ka ìṣirò owó fún àwọn tí ń gba oyè àkọ́kọ́, lábẹ́ ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀-ajé àti ìṣàkóso. Àwọn aládàáni bíi Lead City, tí ó gba àṣẹ ní 2005, ti ń kọ́ ọ ṣáájú.

Ọdún mẹ́rin ni ọmọ fi ń kà á. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò àti ètò ọrọ̀-ajé kí ó tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìwé owó ilé-iṣẹ́, iye tí ó ń náni láti ṣe ọjà kan jáde, owó orí, òfin ilé-iṣẹ́, àti yíyẹ ìwé ẹlòmíràn wò. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wa ti ń tẹ̀lé ìlànà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, nítorí náà ọmọ Agbowó àti ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lè ka ìwé kan náà kí ó sì yé wọn bákan náà. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ro àròpọ̀ báyìí. Kò sí ẹni tí ń pàdánù oorun nítorí kọ́bọ̀ mẹ́ta mọ́.

Oyè náà kì í sì í ṣe òpin. I.C.A.N. a máa yọ̀ǹda apá kan nínú ìdánwò rẹ̀ fún ẹni tí ó ní i, ṣùgbọ́n ìyókù dúró dè é, pẹ̀lú ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó ti Agbowó jáde nínú ẹ̀wù oyè ṣe ń wọ mọ́tò lọ sí Dùgbẹ̀, tí ó ń jókòó ti ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń fún un ni kí ó wọ inú yàrá ìkẹ́rùsí, kí ó ka àpò tí ó wà níbẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, kí ó wò ó bóyá iye rẹ̀ bá ti inú ìwé mu.