Ruspolia, kòkòrò orí koríko

Ruspolia jẹ́ ìran kòkòrò kan tó jọ tata, àmọ́ tó bá ìrẹ̀ tan ju tata lọ. Orí rẹ̀ ṣe ṣónṣó, irun méjì tó ti ibẹ̀ jáde sì gùn ju ara rẹ̀ lọ. Lálẹ́, akọ á máa fi ìyẹ́ kan ra èkejì títí tí yóò fi dún. Etí tí abo fi ń gbọ́ ọ wà lẹ́sẹ̀ iwájú rẹ̀.

Orúkọ ìran náà wá láti ara Eugenio Ruspoli, ọmọ-aládé ará Ítálì tó ń kó kòkòrò jọ ní ilẹ̀ àwọn Sòmálì ní 1892 àti 1893. Erin ló pa á lẹ́nu ìrìn-àjò náà. Ní 1898, Schulthess tó yẹ àwọn kòkòrò ọ̀hún wò fi orúkọ olóògbé náà sọ ìran náà.

Koríko ni ilé wọn níbikíbi. Ruspolia nitidula ń gbé àbàtà àti pápá gúúsù Yúróòpù, ó sì ti ń tàn lọ sí àríwá; Ruspolia lineosa wà ní Japan àti Ṣáínà. Ruspolia differens ló ni Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà.

Nípa tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ jù. Ní Uganda, nsenene ni wọ́n ń pè é. Lásìkò òjò, pàápàá ní November, àwọn kòkòrò náà á rọ́ jáde lóru. Ní agbègbè Masaka, àwọn tó ń mú un á tan iná tó mọ́lẹ̀ yòò, wọ́n á to páànù dúró sínú àgbá, wọ́n á sì fi koríko tútù dáná kí èéfín lè rú. Kòkòrò tó bá forí sọ páànù á yọ̀ ṣìnnì sínú àgbá. Wọ́n á já ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dín in nínú ọ̀rá ara rẹ̀. Ìdílé kan wà ní Buganda, ilẹ̀ ọba kan ní Uganda, tó ń jẹ́ Nsenene. Èèwọ̀ ni fún wọn láti jẹ ẹ́, bí àwọn ìdílé tiwa náà ṣe ní ohun tí wọn kì í jẹ.

Obìnrin ló ń ṣà á láyé àtijọ́, síbẹ̀ ọkọ ló ń jẹ ẹ́. Ó dùn mí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi oúnjẹ dù. Ìyẹn ti yí padà: tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ ẹ́ báyìí, owó ńlá sì ni lọ́jà Kampala. Àwọn olùwádìí ní Uganda àti Kenya ti ń sìn ín nínú àpótí, kí àwọn èèyàn lè rí i jẹ lẹ́yìn àsìkò rẹ̀.