Ẹ̀rù Ló Kọ́ Àwọn Ilé Yẹn

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ẹdẹ wọ Èjìgbò, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rí wọn: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà mèremère, géètì irin, fèrèsé tí wọ́n ti tì pa láti ìparí ọdún tó kọjá. Ilé àwọn ará Abidjan ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé, mo sì ti gbọ́ ọ nínú ẹbí tèmi náà, pé owó tá a rì mọ́lẹ̀ yẹn, òfò ni; pé ká ní a fi dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni, Èjìgbò ì bá ti di Èkó kejì. Wọ́n ní fáàrí ló ń dà wá láàmú. Èmi tí mo ń ta aṣọ ní Treichville, ní Abidjan, tí mo ti ibẹ̀ di ìyá àgbà, mi ò gbà. Ẹ̀rù ló kọ́ àwọn ilé yẹn, mo sì mọ ọjọ́ tí ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969.

Kí Abidjan tó di nǹkan, Gold Coast, tó di Gánà lẹ́yìn náà, ni àwọn bàbá wa ń lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso níbẹ̀ bó ṣe ń ṣàkóso wa nílé. Ṣílè tí wọ́n ń ná ní Ìbàdàn náà ni wọ́n ń ná ní Kùmásì, nítorí láti 1912 ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ owó kan ṣoṣo sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà. Kòkó ń mówó wọlé níbẹ̀, àgbẹ̀ tó bá sì ta kòkó tán á máa wá nǹkan tí yóò rà. Ohun tí àwọn tiwa rí nìyẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìniṣà, ará Ṣakí àti àwa ará Èjìgbò, wọ́n á ra ọjà ní odidi páálí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n á tú u, wọ́n á wá máa tà á wẹ́wẹ́: ṣúgà ní hóró-hóró, sìgá ní ẹyọ-ẹyọ, abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ. Wọ́síwọ́sí tí olówó ò kà sí ni wọ́n ń gbé wọ abúlé tí mọ́tò ò dé.

Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ á ránṣẹ́ sílé, wọ́n á sì fi ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò ránṣẹ́ sí i. Ọmọ náà á kiri ọjà, á fọṣọ, á sùn sí ìdí káńtà. Tó bá sìn ín tán, ọ̀gá á dá a sílẹ̀, á fún un lọ́jà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, òun náà á tún ránṣẹ́ sílé. Bí bàbá mi ṣe dé Kùmásì nìyẹn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Nkrumah ka èèyàn ní 1960, àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà tó nǹkan bí 100,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Ìtàn ọ̀nà kì í tán lẹ́nu bàbá mi. Apá òsì ni mọ́tò ń gbà nígbà náà ní Nàìjíríà àti ní Gánà. Ní Dàhòmì àti Tógò tí Faransé ṣàkóso, apá ọ̀tún ni. Awakọ̀ lọ́rì tó bá gbéra ní Èkó á gba òsì títí dé bodè, á yà sí ọ̀tún ní Dàhòmì, á gba ọ̀tún kọjá Kùtọnù àti Lomé, bó bá ti wọ Aflao, á tún padà sí òsì. Bàbá mi ní tí wọ́n bá ti ń súnmọ́ bodè kọ̀ọ̀kan, gbogbo èrò tó wà lókè ẹrù á máa pariwo apá tó yẹ kí awakọ̀ gbà, nítorí bó bá gbàgbé, tílẹ̀ sì ti ṣú, ikú ni. Ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọ̀tún, Gánà ṣe tirẹ̀ ní 1974. Láti Èkó dé Abidjan lónìí, ọ̀nà tó lé díẹ̀ ní kìlómítà 1,000, apá kan náà lèèyàn ń gbà dé òpin. Bodè mẹ́rin ló ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ọwọ́ tí èrò ń san níbẹ̀ kò tíì dín.

Ní 1969 yẹn, Kofi Busia ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba Gánà ni. Owó kòkó ti já wálẹ̀ ṣáájú, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ ò ríṣẹ́, ẹnu wá kò pé àlejò ló gbọjà mọ́ onílé lọ́wọ́. Ìjọba kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn tí bàbá wọn kú sí Kùmásì, tí wọ́n sin ín síbẹ̀, ta ló bi wọ́n ní ìwé rí?

Ìyá mi ò kàwé. Àwọn obìnrin Àṣántí tó ń raṣọ láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìgbà kòkó, ara ògiri yàrá ló ń kọ gbèsè wọn sí. Èédú ló fi ń fa ìlà: èyí tó gùn fún sídì kan, èyí tó kúrú fún péséwà mẹ́wàá. Lókè ìlà oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ya àmì tó fi mọ ẹni tó ni ín: ẹja fún ìyá ẹlẹ́ja, ọmọ méjì fún ìyá ìbejì, igi tó tẹ̀ fún obìnrin kan tó ń tiro. Ògiri náà kún láti ìlẹ̀kùn dé fèrèsé. Nígbà tí ìkéde dé, ó kó síta láti gba gbèsè, àmọ́ èèyàn mélòó ló máa ń sanwó fún ẹni tó ń lọ tí kò ní padà wá? Àwọn kan san; ó ń dárúkọ wọn nínú àdúrà títí ó fi kú. Àwọn tó pọ̀ jù ní kó padà wá lọ́la. Ọjà tó kù, ó tà á ní àtàdànù. Owó lọ́rì gbéra, ó ń lé sí i lójoojúmọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ó jókòó síwájú ògiri pẹ̀lú àtùpà, ó ń há gbogbo ìlà yẹn sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọwọ́ ni mí. Mo dàgbà bá a tó ṣì ń kà á: ìyá ẹlẹ́ja, iye báyìí, ìyá ìbejì, iye báyìí.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹni tó ti kọ́lé sílé ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Bàbá mi ò ní. Kùmásì ló ti ra ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí, gbogbo owó rẹ̀ yòókù sì wà nínú ọjà. Yàrá kan ni wọ́n ṣán fún wa ní agboolé, wọn ò sì fi tayọ̀tayọ̀ ṣán an. Ọkùnrin tó ti ń fowó ránṣẹ́ sí wọn lọ́dọọdún, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ ibi tí yóò tẹ́ ẹní sí. Ìyàwó ilé kan bi ìyá mi léèrè, létí gbogbo èèyàn, pé ṣé Gánà tó lọ náà ni owó rẹ̀ ò dé ilé yìí. Ohun tí mo ń pè ní ẹ̀rù nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá mi jọ dàgbà láwọn ọdún yẹn mọ̀ ọ́n.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, bàbá mi kọrí sí Abidjan. Àwọn ará Èjìgbò ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Òyìnbó Faransé ti la ojú omi Vridi ní 1950, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ òkun ńlá ń wọ inú ọ̀sà dé ẹ̀gbẹ́ Treichville, Ààrẹ Houphouët-Boigny sì ṣílẹ̀kùn fún àlejò nítorí ó fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ lóko kòkó àti oko kọfí. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi máa parí, Côte d'Ivoire ti gba ipò kìíní nínú kòkó lágbàáyé mọ́ Gánà lọ́wọ́. Ìjọba rẹ̀ wà lára àwọn díẹ̀ tó dá Biafra mọ̀ ní 1968, àwọn Yorùbá sì ń bá òwò wọn lọ lábẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn àgbà kan ò gbàgbé oṣù kẹwàá ọdún 1958, nígbà tí èrò Abidjan kọjú ìjà sí àwọn ará Dàhòmì àti Tógò nítorí iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn fi sá padà sílé.

Mo fẹ́ràn Abidjan, kí ẹnikẹ́ni má rò pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Àtíékè wọn, ẹ̀gẹ́ ni bíi gàrí, àmọ́ ooru ni wọ́n fi ń sè é, wọn kì í yan án. Tó bá bá ẹja díndín, àlùbọ́sà tútù àti tòmátò pàdé, mi ò lè fi wé nǹkan kan. Lọ́jà, Jùlá là ń bá àwọn tó ti òkè wá sọ, Faransé là ń bá àwọn tó kù sọ, tiwa là ń bá ara wa sọ. Anago ni wọ́n ń pè wá. Owó sefa náà, mo ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1994 ni wọ́n gé e sí ìlàjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjà tó ń tòkèèrè bọ̀ sì gbówó lórí gidigidi. Láti 1999, yúrò kan, 655.957 sefa, kò yẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ń bínú pé Faransé ló ń darí owó àwọn, òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n èmi ń fowó ránṣẹ́ sílé, mo sì rí ohun tójú náírà rí látìgbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 2023. Oníṣòwò tí kò mọ iye tí owó rẹ̀ yóò jẹ́ níparí oṣù kò lè tajà láwìn, bí kò bá sì sí àwìn, oníbàárà ò ní dúró.

Houphouët kú ní oṣù kejìlá 1993. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ta ni ọmọ ilẹ̀ gan-an, ìbéèrè náà sì di ogun ní oṣù kẹsàn-án 2002, ogun tó pín ilẹ̀ náà sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Orúkọ Mùsùlùmí lèmi ń jẹ́, ẹni tó bá sì ń jẹ́ irú rẹ̀, ará àríwá ni wọ́n kà á sí. Níbi kan tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba gba ìwé ìgbélùú mi, ó wo orúkọ, ó fà á ya lójú mi, ó wá ní kí n mú ìwé mi jáde. Mo sanwó, mo kọjá. Mo kó àjákù ìwé náà sínú báàgì, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ní oṣù kejìlá 2010, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ, Gbagbo àti Ouattara búra wọlé lọ́jọ́ kan náà, ààrẹ méjì nílùú kan. Nǹkan bí 3,000 èèyàn ló kú kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2011. Oṣù wọ̀nyẹn ni àwọn ilé Èjìgbò ṣiṣẹ́ tá a tìtorí rẹ̀ kọ́ wọn. A ṣí fèrèsé. Ilé tí wọ́n ní eku nìkan ló ń gbé gba ìdílé méjì, mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń fi Faransé jà lójúde, wọ́n ń sunkún àtíékè, títí àwọn obìnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gẹ́ ilé ṣe é tà. Kò sẹ́ni tó bi mí ibi tí owó Abidjan wọlé sí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lílé àlejò, mi ò ní fo tiwa dá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1983, ìjọba Shagari kéde pé kí àlejò tí kò níwèé máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, iye ọ̀sẹ̀ kan náà tí Busia fún wa. Àwọn ará Gánà tó wà nínú wọn lé ní mílíọ̀nù kan: bíríkìlà, télọ̀, àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bodè rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 1982, àwọn èrò há sọ́nà, wọ́n sùn sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Inú àwọn kan dùn nílé, wọ́n ní ẹ̀san ni. Ìyá mi, tó ṣì ń ka gbèsè ara ògiri sórí, ò bá wọn yọ̀. Ó bi wọ́n bóyá télọ̀ tí wọ́n ń lé yẹn ló lé òun ní Kùmásì. Ìbéèrè yẹn tọ́, ó ṣì tọ́ dòní.

Ecowas ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ní 2007, Côte d'Ivoire pa ìwé ìgbélùú rẹ́ fún àwa ọmọ Ecowas. Síbẹ̀ Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, ó sì di oṣù kejìlá 2020 kó tó ṣí i. Ó nira fún ẹni tó fẹ́ délé sin òkú. Ní oṣù kìíní 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará Burkina ni àlejò tó pọ̀ jù lọ ní Côte d'Ivoire, àwọn ló yí mi ká lọ́jà. Wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àwọn tó lówó lára wọn sì ti ń ra blọ́ọ̀kù sílé.

Láti 1972, òfin Côte d'Ivoire ni pé ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ méjèèjì kì í bá ṣe ọmọ Côte d'Ivoire, àlejò ni, bó ti wù kó pẹ́ tó tí ìdílé rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Treichville ni wọ́n bí ọmọ ọmọ mi obìnrin sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 2024, nígbà tí Côte d'Ivoire na Nàìjíríà 2-1 ní Abidjan, tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, ó fi àsíá wọn wérí, ó jó lójú títì títí ilẹ̀ fi mọ́. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà nínú àpótí rẹ̀. Èjìgbò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ìgbà ọdún nìkan ló ń dé ibẹ̀.

Òun ni mo fi yàrá méjì kún ilé fún, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀. Àwọn tó ń bínú pé a ò dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n bá wa gbé ọ̀rọ̀ òfin yẹn dé iwájú àwọn ìjọba wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọmọ yìí ní ìwé ìlú tí wọ́n bí i sí, n ó ta blọ́ọ̀kù tó kù lẹ́yìnkùlé, n ó fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ.