Àtìbà àti Diocletian: Àtúntò Ilẹ̀-Ọba tí Ó Ń Wó Lọ

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a gbé wá lónìí. A fẹ́ wo ohun tí ọba ń ṣe nígbà tí ó bá rí i pé ilẹ̀-ọba tí ó bọ́ sí òun lọ́wọ́ ń wó lọ, tí ó sì pinnu láti tún un tò. Ọba méjì ni a ó gbé yẹ̀ wò: Diocletian, olú-ọba Róòmù, àti Àtìbà, Aláàfin Ọ̀yọ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, òkun àti aṣálẹ̀ sì là wọ́n láàárín. Síbẹ̀, ibì kan náà ni ògiri tí wọ́n mọ ti lanu.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, kí ni ó kan ará Sókótó nínú ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, arìnrìn-àjò kan tí í ṣe ọmọ Skọ́tílándì, Hugh Clapperton, wọ ìlú Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Májòtú gbà á lálejò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì ròyìn fún un bí àwọn ẹrú ṣe ṣọ̀tẹ̀ tí wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn Fúlàní ní Ìlọrin. Láti ibẹ̀ ni Clapperton ti kọjá wá sí Sókótó, ìlú tí Muhammad Bello tẹ̀ dó ní ọdún 1809. Lẹ́bàá Sókótó níhìn-ín ni ó kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 1827. Ọkùnrin yìí fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀-ọba tí oòrùn rẹ̀ ń wọ̀, ó sì tún rí èyí tí tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ojú ọ̀nà kan náà ni ìtàn àwa àti ti ìlú tí ó gbà wá lálejò jọ rìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí Róòmù. Láti ọdún 235 títí di ọdún 284, ọba tí ó jẹ níbẹ̀ lé ní ogún, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni idà sì pa. Àwọn ọmọ-ogun ìhà kan á fi ọ̀gágun tiwọn jọba, àwọn ti ìhà kejì á fi tiwọn náà jẹ, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀. Páṣíà ń yọ wọ́n lẹ́nu ní ìlà-oòrùn. Ní ọdún 260, wọ́n mú olú-ọba Valerian láàyè lójú ogun. Àwọn ẹ̀yà Jámánì ń ya wọ inú ilẹ̀ láti àríwá. Owó fàdákà wọn ti bàjẹ́ dé ibi pé bàbà ni ó kún inú rẹ̀.

Inú ìdààmú yìí ni àwọn ọmọ-ogun ti fi Diocletian jọba ní ọdún 284. Kì í ṣe ọmọ ọlọ́lá, iṣẹ́ ogun ni ó gbé e dé ipò. Ó rí i pé ẹnì kan kò lè dá ṣọ́ ẹnubodè mẹ́rin. Nítorí náà, ó fi Maximian ṣe olú-ọba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 286, kí ó máa mójútó ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí ó di ọdún 293, ó tún fi ẹni méjì kún un, Galerius àti Constantius, tí a fún ní oyè Késárì. Àwọn mẹ́rin ni ó ń ṣàkóso, olúkúlùkù sì ń gbé nítòsí ibi tí ogun ti lè dé.

Kò mọ síbẹ̀. Ó pín àwọn ìgbèríko sí wẹ́wẹ́ títí iye wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, láti bí 50 sí bí 100. Ó ya iṣẹ́ gómìnà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ̀gágun, kí ẹni tí ó ń gba owó-orí má baà jẹ́ ẹni tí ó ní idà lọ́wọ́. Ó tún ka ilẹ̀ àti ènìyàn, ó sì gbé owó-orí lé wọn. Ní ọdún 301, ó pàṣẹ iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta ọjà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún irú, ó sì fi ikú ṣe ìyà ẹni tí ó bá tà á kọjá bẹ́ẹ̀. Lactantius, òǹkọ̀wé Kristẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, sọ pé ńṣe ni ọjà pòórá kúrò lórí àtẹ. Diocletian gbà gbọ́ pẹ̀lú pé ìsìn àwọn baba ńlá ni yóò so ilẹ̀ náà ró; ìdí nìyí tí ó fi gbé inúnibíni dìde sí àwọn Kristẹni ní ọdún 303. Èyí náà kò bá a mú ète rẹ̀ ṣẹ.

Nínú gbogbo ètò rẹ̀, èyí tí ó jinlẹ̀ jù ni ti ìjogún oyè. Ó fẹ́ kí àwọn olú-ọba àgbà fi ipò sílẹ̀ láàyè ara wọn, kí àwọn Késárì gòkè, kí a sì yan Késárì titun nípa ìtóótun, kì í ṣe nípa pé ta ni baba rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 305, òun àti Maximian bọ́ adé sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a fo Constantine ọmọ Constantius dá, a sì fo Maxentius ọmọ Maximian dá. Kí ọdún 306 tó parí, àwọn ọmọ-ogun ní Bírítéènì ti pe Constantine ní olú-ọba, Róòmù sì ti pe Maxentius. Láìpẹ́, àwọn tí ń du oyè náà kò dín ní mẹ́fà. Diocletian ṣì wà láàyè nínú ààfin tí ó kọ́ sí etíkun Dalmatia, ó ń wo ilé tí ó mọ bí ó ti ń ya.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà ní ọdún 1774, ó dà bí ẹni pé agbára Ọ̀yọ́ ti padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n kòkòrò ti wọ inú obì. Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní ọdún 1783, Tápà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú Abíọ́dún. Lábẹ́ Aláàfin Awólẹ̀, àwọn olóyè àti àwọn ọ̀gágun kọ ẹ̀yìn sí ọba wọn. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, sọ Ìlọrin di ti ara rẹ̀. Ó ké sí Álímì àti àwọn Mùsùlùmí jagunjagun láti ràn án lọ́wọ́, àwọn tí ó ké sí náà ni wọ́n sì pa á nígbẹ̀yìn. Ọmọ Álímì, Àbùdùsàlámì, gba àsíá láti Gwandu, Ìlọrin sì di ara ilẹ̀-ọba Sókótó. Ní ọdún 1823, Dàhòmì kọ̀ láti san ìsákọ́lẹ̀ mọ́. Ẹṣin tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ń gùn, àríwá ni ó ti ń wá. Nígbà tí ọ̀nà àríwá di ti ọ̀tá, apá ọba rọ. Ní nǹkan bí ọdún 1835, Aláàfin Olúewu bá àwọn Ìbàrìbá pawọ́ pọ̀ láti gba Ìlọrin, ṣùgbọ́n ogun náà fọ́ mọ́ wọn lórí, ọba sì kú síbẹ̀. Àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé kó ẹrù wọn, wọ́n sì fi ìlú sílẹ̀ fún igbó.

Èyí ni ohun tí Àtìbà, ọmọ Abíọ́dún, bá nílẹ̀ nígbà tí ó jọba ní nǹkan bí ọdún 1837. Kò padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àgọ́-Ọ̀jà ní gúúsù ni ó sọ di Ọ̀yọ́ titun, ó sì kó àwọn ará ìlú kéékèèké tí ó yí i ká wọ inú rẹ̀ kí ó lè di ìlú ńlá. Ó tún ààfin tò, ó dá àwọn oyè àti ọdún ìbílẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé oyè kò ní ogun nínú. Agbára ti wà lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ní Ìbàdàn àti ní Ìjàyè, kò sì sí bí ó ṣe lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó wá fi ọlá so wọ́n mọ́ ìtẹ́. Ó fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú Ọ̀yọ́ ni Baṣọ̀run ń gbé látijọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí Ọ̀yọ́ Mèsì. Ó fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ó pín iṣẹ́ fún wọn: Ìbàdàn yóò dojú kọ Ìlọrin ní àríwá àti ìlà-oòrùn, Ìjàyè yóò ṣọ́ ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n sì fi ohùn sí i pé àwọn kò ní bá ara wọn jà.

Ẹ̀yin ará, ètò yìí ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, àwọn ẹlẹ́ṣin wọn kò sì tún rí ọ̀nà gbà dé òkun láti ìgbà náà. Nígbà tí Olúyọ̀lé àti Kúrunmí da májẹ̀mú tí wọ́n sì jà nínú ogun Bátẹ̀dó, Àtìbà dá sí i títí àlàáfíà fi padà. Ọba tí kò ní ogun ni, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àtìbà pẹ̀lú fi ọwọ́ kan ètò ìjogún. Àṣà Ọ̀yọ́ ni pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ yóò bá a kú. Àtìbà fẹ́ kí Àrẹ̀mọ òun, Adélù, yè, kí ó sì jọba. Ẹ kíyè sí i pé òdìkejì ohun tí Diocletian ṣe ni èyí. Diocletian ní kí ọmọ má ṣe jogún baba. Àtìbà ní kí ọmọ jogún. Àwọn ará Ìbàdàn gbà fún un, Kúrunmí kò gbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859 tí a sì fi Adélù jẹ, Kúrunmí wí pé òun kò mọ ọba tí a fi jẹ lòdì sí àṣà. Ohun ìyanu ni pé ọkùnrin tí ó dúró gbọn-in fún àṣà yìí, àtúntò Àtìbà ni ó gbé e dé oyè tí ó fi ń sọ̀rọ̀.

Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Ìbíkúnlé, Balógun Ìbàdàn, àti Ògúnmọ́lá ṣíwájú ogun Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀ lójú ogun, òun náà sì kú ní ọdún 1861. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìjàyè di ahoro. Òpó méjì ni Àtìbà fi gbé ilé rẹ̀ ró. Nígbà tí ọ̀kan wó, gbogbo ẹrù di ti èkejì. Ìbàdàn di alágbára tí kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́kun. Èyí ni ó sì mú àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí i nínú ogun Kírìjì, láti ọdún 1877.

Kí ni a rí dì mú nínú ìtàn méjèèjì? Àwọn kan á sọ pé ìwà àìmoore àwọn jagunjagun ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. A kò rò pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ mọ. Àwọn ọba méjèèjì mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́, wọ́n sì pín in dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtẹ́, ojú wọn ni ó so àwọn tí wọ́n pín agbára fún pọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ṣe òfin. Òfin titun nípa ẹni tí yóò rọ́pò wọn kò tíì di ti gbogbo àwọn tí ó ní idà lọ́wọ́. Diocletian kò fi ti ìfẹ́ tí ọmọ-ogun ní sí ọmọ ọ̀gá wọn ṣe. Àtìbà rí ohùn Ìbàdàn gbà, ó fi ohùn Ìjàyè sílẹ̀. Yálà ọmọ ni yóò jogún ni o, yálà kò ní jogún ni o, kì í ṣe ibẹ̀ ni ìparun ti wá. Ibi tí ó ti wá ni pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́dọ̀ pa òfin náà mọ́ kò bá wọn fi ọwọ́ sí i.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ pé asán ni làálàá wọn. Constantine, ẹni tí ó borí nínú ìjà náà, ni ó tẹ Constantinople dó ní ọdún 330, orí ìgbèríko àti owó-orí tí Diocletian tò ni ó sì dúró lé. Ìwọ̀-oòrùn wó ní ọdún 476, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn dúró títí di ọdún 1453. Ọ̀yọ́ tí Àtìbà tẹ̀ ṣì wà níbi tí ó tẹ̀ ẹ́ sí di òní olónìí. Àtúntò kì í dá ohun àtijọ́ padà. Ohun titun ni ó ń bí, ó sì ń ra àkókò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwa tí a wà lẹ́yìn odi, a ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, a ní oyè láàárín ara wa, a ní ilé àti ilẹ̀ tí a fi àádọ́ta ọdún kó jọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ so wá pọ̀ lónìí kò ní wà títí. Ẹ jẹ́ kí a jókòó sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè, kí a sì sọ ọ́ lójú ẹni tí a mọ̀ pé kò ní gbà, nítorí ohùn ẹni náà gan-an ni ó ṣòro láti rí gbà lẹ́yìn ikú.