Òru Tí Kaunas Gba Ọ̀rọ̀ Sọ

Aago méjìlá òru

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1991, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní Vilnius, olú-ìlú Lituéníà, nígbà tí táńkì àti àwọn ọkọ̀ ogun onírin ìjọba Soviet tò jáde láti bárékè wọn. Kì í ṣe ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n ń lọ. Àdúgbò Karoliniškės ni wọ́n kọrí sí, níbi tí òpó tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè náà wà. Òpó yìí ga ju mítà 326 lọ. Ọdún 1980 ni wọ́n parí rẹ̀, lábẹ́ ìjọba Soviet kan náà tó ń kó táńkì bọ̀ wá gbà á báyìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń gbóná bọ̀ tipẹ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1990, Lituéníà kéde pé òun ti gba òmìnira òun padà, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Soviet. Moscow fi ìyà epo àti ọjà jẹ wọ́n. Nígbà tí ọdún 1991 máa fi wọlé, oúnjẹ ti wọ́n, ará ìlú ń kùn, olórí ìjọba, Kazimiera Prunskienė, sì fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Mikhail Gorbachev ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n dá òfin Soviet padà kíákíá. Ní ọjọ́ 11, sójà gba ilé tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní Vilnius. Ẹni tó bá lójú inú ti mọ ibi tó kàn. Ìwé ìròyìn ti lọ, ó ku rédíò àti tẹlifíṣọ̀n.

Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wọ bọ́ọ̀sì wá sí Vilnius láti ìlú lóríṣiríṣi, láti wá ṣọ́ wọn, tí wọ́n ń sun ìta nínú òtútù oṣù Kìíní. Wọ́n dáná, wọ́n ń mu tíì gbígbóná, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gba ara wọn lálejò. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọgbọ́n ààbò wọn kò ju pé kí àwọn pọ̀ débi tí sójà kò fi ní ráyè kọjá. Ojú ayé sì wà níbòmíràn: ọjọ́ 15 oṣù náà ni gbèdéke tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún Saddam Hussein láti kúrò ní Kuwait. Bí ènìyàn bá ń wá ọ̀sẹ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ì bá mú.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú 25

Táńkì dé. Wọ́n kọ́kọ́ yin àgbá tí kò sí ọta nínú rẹ̀. Ariwo lásán ni, ṣùgbọ́n ariwo àgbá táńkì láàárín àwọn ilé alájà gogoro kì í ṣe ohun tí etí ń gbà. Gíláàsì fèrèsé ń já bọ́ láti òkè, àwọn mìíràn kò gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì wọ́n ń sọ mọ́.

Àwọn èrò kò tú ká. Èyí ni ohun tí mo rò pé àwọn ọ̀gá ológun kò kọ sínú ìwé ètò wọn. Wọ́n ti ní ariwo yóò lé wọn.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú 10

Sójà yí òpó ká. Wọ́n yìnbọn sókè, nígbà tó yá wọ́n yìnbọn sáàárín èrò. Táńkì wọ àárín àwọn tó fọwọ́ kọ́wọ́. Loreta Asanavičiūtė, ọmọ ọdún 23, wà lára àwọn tí táńkì gùn, ó sì kú ní ọsibítù. Òun nìkan ni obìnrin nínú àwọn tí ìkọlù òru náà pa. Àwọn tó kú jẹ́ 14, àwọn tó farapa jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ìbọn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Sójà kan pàápàá kú, Viktor Shatskikh, ọmọ ẹgbẹ́ Alfa ti KGB. Ọta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bà á.

Láàárín gbogbo èyí, ohùn ọkùnrin kan ń jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ogun. Ohùn Juozas Jermalavičius ni, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ṣì ń tẹ̀lé Moscow. Èdè Lituéníà ló ń sọ. Ó pe àwọn tí ìbọn ń dún lé lórí ní arákùnrin, ó ní wọ́n ti lé ìjọba wọn kúrò, kí wọ́n padà sílé lọ bá àwọn òbí àti ọmọ wọn. Irọ́ ni. Àwọn aṣòfin jókòó sínú ilé ìgbìmọ̀ wọn ní ìlú kan náà, wọn kò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìròyìn tó jẹ́: ìròyìn tó nílò òpó tó ga ju mítà 326 lọ kó tó lè di òtítọ́, nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn orí ọkọ̀ kò lè gbé e dé ìlú kejì.

Aago méjì òru

Ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n wà ní òpópónà Konarskio, ibi tó yàtọ̀ sí ibi tí òpó wà. Ọkọ̀ ogun yí ibẹ̀ náà ká, ìbọn ń dún. Nínú sítúdíò, Eglė Bučelytė wà lórí afẹ́fẹ́, ó ń ròyìn fún àwọn òǹwòran ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ka ìròyìn tó máa ń gbàdúrà pé kí ìròyìn wá bá òun níbi tí òun jókòó sí. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, àwọn sójà ń gòkè bọ̀.

Kámẹ́rà kò kú. Àwòrán ìkẹyìn tí gbogbo Lituéníà rí ni sójà kan tó ń sáré bọ̀ wá bá kámẹ́rà náà. Ó pa á. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú ní gbogbo ilé.

Ní ti ológun, iṣẹ́ parí. Ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, òpó wà lọ́wọ́ wọn, kò ì tíì pé wákàtí kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Aago méjì àbọ̀ òru

Nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, àwòrán tún yọ.

Kì í ṣe láti Vilnius. Láti Kaunas ni, ìlú kejì ní orílẹ̀-èdè náà, nǹkan bí kìlómítà 100 sí ìwọ̀-oòrùn. Sítúdíò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í gbé ètò jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ètò ìdílé. Kò sí ẹni tó ń ka irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tí ó yẹ kí sójà lọ gbà. Mo gbà pé ìyẹn gan-an ló gbà á là. Ẹni tó ya àwòrán ibi tí wọ́n máa kọlù lóru yẹn wo Vilnius, ó rí ilé kan àti òpó kan, ó ní ẹnu Lituéníà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹnu tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ẹyọ kan. Òpó ńlá máa ń ju ìgbì jáde, àwọn òpó mìíràn káàkiri ilẹ̀ a gbà á, wọn a tún un jù síwájú fún àwọn tó jìnnà. Méjì nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀, Juragiai àti Sitkūnai, wà lẹ́bàá Kaunas. Bí Vilnius bá dákẹ́, ohun tí wọ́n nílò kò ju pé kí ẹnì kan láti Kaunas ti ohùn sínú wọn.

Ẹni tó wá jókòó síwájú kámẹ́rà kì í ṣe olóòtú ìròyìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fún ètò ìdílé yẹn ni.  Ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ṣòro láti yé: sójà ń pa àwọn tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, ẹni tó bá gbọ́ èdè ilẹ̀ mìíràn kó jọ̀ọ́ máa bọ̀ wá sí sítúdíò, kó wá sọ ọ́ fún ayé.

Mo máa ń ronú lórí ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bá fún ní kámẹ́rà nírú òru bẹ́ẹ̀ yóò bá ará ilé sọ̀rọ̀. Wọn yóò kígbe, wọn yóò ṣépè, wọn yóò ní kí ìlú dìde. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ará ilé ti mọ̀. Àwọn tó wà níta ni kò mọ̀, àwọn náà kò sì gbọ́ èdè Lituéníà.

Àwọn ènìyàn jí nílé wọn, wọ́n wọ aṣọ òtútù, wọ́n wá. Ìlú yunifásítì ni Kaunas. Kí wákàtí kan tó pé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti kún sítúdíò náà, wọ́n ń gba ìjókòó lọ́wọ́ ara wọn, èdè kan ń tẹ̀lé èkejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ. Ìlú náà kò sì ṣàjèjì sí iṣẹ́ yìí. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, nígbà tí Vilnius wà lọ́wọ́ Pólándì, Kaunas ni olú-ìlú, níbẹ̀ sì ni rédíò Lituéníà ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ọdún 1926.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Àwọn sójà Soviet ní bárékè tiwọn ní Kaunas, ikọ̀ àwọn tó ń fi páráṣúùtù já bọ́ láti ojú òfuurufú sì wà níbẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ jẹ́ ìhàlẹ̀. Ìpè kejì dé, ọ̀gá ológun kan ló wà níbẹ̀, ó ní àwọn kò ní wá gba sítúdíò náà bí wọn kò bá ti purọ́ lórí afẹ́fẹ́. Gbogbo èyí ni àwọn tó ń wò gbọ́, nítorí àwọn ará sítúdíò gbé e jáde bó ṣe ń lọ.

Kí ni ọ̀gá yẹn rò lọ́kàn? Bóyá wọn kò pàṣẹ fún un ni, bóyá òun náà ti wo tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí o bá ń bá ènìyàn dúnàádúrà níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran, ó ṣòro kó o tún yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn wákàtí kan. Àwọn ará ìlú kò sì gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu. Wọ́n jáde lọ yí sítúdíò ká, wọ́n sì lọ sí Sitkūnai àti Juragiai lọ ṣọ́ àwọn òpó níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́

Ní Vilnius, àwọn tó la ìkọlù já kò padà sílé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n lọ. Ẹgbàá mẹ́wàá ènìyàn ló wà níbẹ̀ lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti lé ní 50,000. Wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù kọ̀nkéré dí ọ̀nà. Vytautas Landsbergis, ọ̀jọ̀gbọ́n orin tó di olórí ìgbìmọ̀, wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn aṣòfin. Wọ́n fún Algirdas Saudargas, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tó wà ní Pólándì, láṣẹ pé kó dá ìjọba sílẹ̀ lẹ́yìn odi bí wọ́n bá mú àwọn. Olórí ìjọba tuntun, Albertas Šimėnas, tí kò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lórí oyè, di àwátì; wọ́n fi Gediminas Vagnorius rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ogun sún mọ́ tòsí, wọ́n sì yí padà.

Ọ̀sán

Ìròyìn ti kọjá ààlà. Ní Riga, olú-ìlú Látfíà, èrò tí wọ́n fojú bù sí ìdajì mílíọ̀nù kóra jọ létí odò Daugava, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tírákítọ̀, lọ́rì àti igi gẹdú dí àwọn ọ̀nà ìlú, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Vilnius má bàa bá wọn lójú oorun. Boris Yeltsin, tó ń ṣolórí Rọ́ṣíà, wọ bàálù lọ sí Tallinn ní Estóníà, ó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú àwọn ilẹ̀ Baltic pé wọn kò fara mọ́ lílo ológun bẹ́ẹ̀. Gorbachev ní tirẹ̀ yóò sọ lọ́jọ́ kejì pé nígbà tí wọ́n jí òun láàárọ̀ ni òun gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́.

Alẹ́

Ní Moscow, wọ́n gbé ìròyìn ìjọba nípa Vilnius fún Tatyana Mitkova láti kà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ̀, kò kà á. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ; ti obìnrin yìí ni pé kò jẹ́ iṣẹ́ náà rárá. Lituéníà fún un ní àmì ẹ̀yẹ lẹ́yìn náà, òun àti Dmitry Kiselyov, oníròyìn mìíràn tó ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí Kiselyov ti di ohùn ìjọba Rọ́ṣíà lórí ọ̀rọ̀ Crimea, Lituéníà gba tirẹ̀ padà. Mitkova ní òun náà kò fẹ́ tòun mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ìyẹn bà wá nínú jẹ́ nípa ohun tó ṣe ní 1991. Ní tèmi, kò bà á jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú náà ń lọ sópin, Kaunas ṣì wà lórí afẹ́fẹ́. Ní Vilnius, òpó àti ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ sójà, wọ́n sì ní láti wá nǹkan fi sí i. Wọ́n dá ìkànnì kan sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Edmundas Kasperavičius ló ń darí rẹ̀. Òpó tó ga jù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kámẹ́rà àwọn tí wọ́n lé jáde wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Kaspervizija, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Sítúdíò Kaunas àti èyí tí wọ́n gbé sínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni wọ́n ń wò. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ìdìtẹ̀gbàjọba kan fi kùnà ní Moscow lóṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, sójà kó jáde ní òpópónà Konarskio, Kaspervizija sì parẹ́ pẹ̀lú wọn.