Gírámà àti Àkàyé Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Ìdánwò Ìdíje ní Ilẹ̀ Yorùbá: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn

Ìfáàrà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí èsì ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì bá jáde lọ́dọọdún, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kì í kàwé. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ẹ̀bi náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà tí a ń gbà múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì fi hàn pé ohun tí ìdánwò bá fún ní èrè ni ilé-ìwé ń kọ́. A ó tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti àsìkò òfin ẹ̀kọ́ 1882 dé àsìkò Cambridge àti WAEC, títí kan àsìkò JAMB.

Òfin 1882 àti owó ìrànwọ́

Nígbà tí àwọn ajíhìnrere dé Àgbádárìgì ní 1842, kí ọmọ lè ka Bíbélì ni olórí ìdí tí wọ́n fi dá ilé-ìwé sílẹ̀. Èdè Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ní 1843 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Òfin ẹ̀kọ́ 1882, tí ó kan Gold Coast àti Èkó, ni ó yí nǹkan padà. Kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí ìjọba ń sanwó ìrànwọ́ fún. Èdè Yorùbá kò sí níbẹ̀. Apá kan owó náà sì dá lórí bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe sí níwájú alábẹ̀wò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú ìlànà yìí wá, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1862. Níbẹ̀ gan-an, Matthew Arnold, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń sọ ẹ̀kọ́ di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ka ojú ìwé náà ketekete, owó wọlé. Bóyá ó lóye tàbí kò lóye kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìṣirò owó.

Láti Cambridge dé WAEC

Nígbà tí ìdánwò Cambridge fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ di kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò bá yege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà á, bí ó ti wù kí ó ṣe dáadáa tó nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé bíi First Aid in English (1938) fi di ààyò: òdì-kejì ọ̀rọ̀, orúkọ ọmọ ẹranko, igbe ẹranko, gbogbo rẹ̀ ni a tò lẹ́sẹẹsẹ fún àkọ́sórí. Lẹ́yìn náà ni Ogundipe àti Tregidgo ṣe Practical English, ìwé tí ó so àyọkà pọ̀ mọ́ gírámà.

A dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Nínú ìdánwò rẹ̀ fún ilé-ìwé gíga, àròkọ ní máàkì 50, àkàyé ní 20, kíké àyọkà kúrú sì ní 30. Ìdajì máàkì ìwé yìí ni ó wà lọ́wọ́ òye ohun tí a kà. Síbẹ̀, àwọn olórí olùṣàmì a máa ráhùn pé ńṣe ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń da gbólóhùn inú àyọkà kọ láìyí i padà. Èyí kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ lásán. Àṣà àkọ́sórí ni ó ń so èso.

Àsìkò JAMB

A dá JAMB sílẹ̀ ní 1978, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di dandan fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ wọ yunifásítì. Ìbéèrè tí a to ìdáhùn mẹ́rin sí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ní 2013 ni kọ̀ǹpútà wọ inú ìdánwò náà. Ìbéèrè 180 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn ní wákàtí méjì, 60 nínú wọn jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yára kàwé ti pàdánù kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

JAMB gbìyànjú láti mú kíka odindi ìwé padà wá nípa yíyan ìtàn àròsọ kan, irú bíi The Lekki Headmaster ní 2025. Ṣùgbọ́n ìwé pẹlẹbẹ tí ó kó ìbéèrè àti ìdáhùn jọ tètè ń gba ipò ìtàn náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òfin 1882 tún padà wá ní aṣọ mìíràn.

Ẹ̀kọ́ láti inú ìtàn

Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Ìpinnu ìjọba lè yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí Ifẹ̀ fi hàn kò parẹ́: ọmọ tí ó ti mọ bí a ṣe ń lóye ìwé ní èdè rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfo nínú èdè kejì.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ fi èdè méjèèjì wéra. Arọ́pò-orúkọ 'ó' kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin; ọ̀rọ̀-ìṣe 'lọ' kò yí padà, ì báà jẹ́ àná tàbí ọ̀la. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń wá, àlàyé sì wúlò níbẹ̀ ju àtúnkọ ogún gbólóhùn lọ. Nínú àkàyé, kí a kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tí òǹkọ̀wé fẹ́ sọ àti ìdí tí ó fi sọ ọ́, kí a tó bi í ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé kí a pa ìbéèrè àtẹ̀yìnwá tì. Ó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ bí ojú ìdánwò ti rí. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni ìdánwò jẹ́. A kì í sì í jẹ òṣùwọ̀n ní oúnjẹ. Láti 1882 ni ilé-ìwé wa ti ń fi òṣùwọ̀n bọ́ ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni ẹ lè dá oúnjẹ padà sínú àwo.