Ilé Àwọn Arúgbó Mary J. Drexel ní Philadelphia

Láàárín wa, láti Kétu títí dé Sábẹ̀, a máa ń gbọ́ pé àìnífẹ̀ẹ́ ni ó mú kí òyìnbó kó òbí rẹ̀ lọ sí ilé arúgbó. Ọ̀rọ̀ náà yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìtàn kò jẹ́ kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ilé wọ̀nyí ni a kọ́ fún àwọn tí kò ní ẹni tí yóò tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ Luther tí wọ́n ti Jámánì wá dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Kaiserswerth, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Rhine. Ní ọdún 1836, Pásítọ̀ Theodor Fliedner àti Friederike aya rẹ̀ ṣí ilé-ìwòsàn síbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ ní ìtọ́jú aláìsàn. Díkónẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè wọ́n. Gertrud Reichardt, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, ti pé ọmọ ọdún 48 kí ó tó dé ibẹ̀. Àdéhùn wọn ni ó jọ wá lójú jù. Díkónẹ́ẹ̀sì kì í gba owó oṣù. Oúnjẹ, aṣọ àti owó ìnáwó díẹ̀ ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ìyá, ìyẹn ilé tí ó ti kọ́ṣẹ́ tí ó sì ń rán an lọ síbi iṣẹ́, ṣèlérí láti tọ́jú rẹ̀ nígbà àìsàn àti nígbà ogbó. Fún obìnrin tí kò lọ́kọ tí kò sì bímọ ní ayé ìgbà náà, èyí kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí Fliedner kú ní 1864, irú ilé-ìyá bẹ́ẹ̀ ti tó 30, àwọn díkónẹ́ẹ̀sì sì ti tó 1600.

Fliedner fúnra rẹ̀ ti mú mẹ́rin lọ sí Pittsburgh ní 1849, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò gbilẹ̀ níbẹ̀. Philadelphia ni ó ti fìdí múlẹ̀, nípasẹ̀ John D. Lankenau, oníṣòwò ọmọ Bremen, ààrẹ ìgbìmọ̀ German Hospital. Aya rẹ̀, Mary Johanna, ọmọ ìdílé Drexel tí ó ni báǹkì, ti kú; ikú sì mú àwọn ọmọ wọn lọ. Ọlọ́rọ̀ náà kò ní àrólé mọ́. Ní 1884, obìnrin méje dé láti Iserlohn ní Jámánì láti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn náà. Marie Krueger ni aṣáájú wọn. Ní 1888, a ṣí ilé ńlá tí Lankenau fi owó ara rẹ̀ kọ́, tí ó fi orúkọ aya rẹ̀ pè. Àwọn arúgbó ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ìyá àwọn díkónẹ́ẹ̀sì.

Àwọn díkónẹ́ẹ̀sì nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ró. Ní ọ̀pọ̀ ilé arúgbó ìjọ Luther ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ a máa rán aṣọ ibùsùn, a máa tọ́jú èso sínú ìgò de ìgbà òtútù, a sì máa pàtẹ ọjà láti fi kó owó jọ. Orúkọ olówó ni à ń rí lára ògiri. Ti àwọn obìnrin wọ̀nyí, bí a bá rí i rárá, inú ìwé ìpàdé ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn ilé kan, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lankenau kú ní 1901. Ní 1917, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá Jámánì jagun, wọ́n pa orúkọ German Hospital dà, wọ́n sọ ọ́ ní Lankenau Hospital. Ní ìgbà náà, ilé àwọn arúgbó ṣì ń jẹ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀.