Ẹ̀gẹ́, Sáyánáìdì àti Ikú Sẹ́ẹ̀lì

Ní Erúnmu àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká ní agbègbè Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń jẹ bẹ́ẹ̀ láìṣètò. Àwọn obìnrin a bó o, wọn a rin ín, wọn a kó o sínú àpò, wọn a gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a sẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yan án di gàrí. Èyí tí a óò fi ṣe láfún, inú omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti mú ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà. Nígbà tí àwọn Àgùdà sì ń padà bọ̀ láti Brazil ní ọ̀rúndún 19 ni ọgbọ́n gàrí túbọ̀ tàn ká ilẹ̀ Yorùbá.

Ìdí ń bẹ fún gbogbo wàhálà yìí. Èròjà kan wà nínú ẹ̀gẹ́ tí ń jẹ́ linamarin, inú rẹ̀ ni májèlé sáyánáìdì fara pamọ́ sí. Nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, ẹ́ńsáìmù tí ń jẹ́ linamarase, èyí tí ó wà lọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò kàn án, yóò sì tú u. Sáyánáìdì yóò jáde. Omi tí a fún dànù àti ooru iná yóò gbé èyí tí ó pọ̀ jù lọ.

Ohun tí ó ń pa ènìyàn yìí ni ó di irin iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ọmọọ̀ṣẹ́ kan ń ṣe nínú agbo ilé, kí ó dá a dúró fún ọjọ́ kan, kí ó sì wo ohun tí yóò bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Otto Warburg ṣe ní Jámánì: ó fi sáyánáìdì dá èémí sẹ́ẹ̀lì dúró, ó sì fi hàn pé ẹ́ńsáìmù tí irin wà nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931. David Keilin ní Cambridge ṣe àpèjúwe cytochrome ní 1925. Òun àti Hartree ni wọ́n sì fi ìdí cytochrome oxidase múlẹ̀ ní 1939. Ẹ́ńsáìmù yìí gan-an ni sáyánáìdì ń dì lọ́wọ́.

Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntòkun rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn kú, tí ìrìn wọn ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, tí ojú tàbí etí àwọn mìíràn nínú wọn sì ń kùnà. Ní 1968 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Brain, ó sì so àrùn náà mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tó. Ara nílò èròjà inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti sọ sáyánáìdì di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀.

Báwo ni iṣan ara ṣe ń kú? Ní 1972, Kerr, Wyllie àti Currie kọ̀wé pé sẹ́ẹ̀lì a máa kú létòlétò, bí ẹni tí ó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ kí ó tó lọ. Ní 1996, Xiaodong Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé cytochrome c, tí í máa gbé ẹrù fún cytochrome oxidase, ni ó ń jí àwọn ẹ́ńsáìmù apani tí ń jẹ́ caspase bí ó bá jò kúrò ní ipò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wo ibi tí caspase ti ń gé purotéènì, wọ́n sì ṣe èròjà tí ó jọ ibẹ̀: caspase yóò gbá a mú, kò sì ní í lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Irú irin iṣẹ́ yìí ni ó ń jẹ́ kí a bèèrè bóyá májèlé ni ó pa sẹ́ẹ̀lì tààrà, tàbí sẹ́ẹ̀lì ni ó pa ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní 2000, Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àrùn náà ní Òṣóṣà lára nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100. Ní 2003 wọ́n sọ pé ẹ̀rí kò tó láti di ẹ̀bi rẹ̀ ru sáyánáìdì. Ẹjọ́ náà kò tíì parí. Kí a má ṣe dá gàrí lẹ́bi kí ẹ̀rí tó pé. Kí àwọn tí ń yára kó gàrí lọ sọ́jà má sì ṣe gé ọjọ́ tí àwọn ìyá wa fi ń gbé òkúta lé àpò kúrú, nítorí ìmọ̀ ń bẹ nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn.